Awò Tó Tóbi Ju Igbó Lọ

"Ìbọn yẹn, tèmi ni. Ṣùgbọ́n awò tó wà lórí ẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n rí, Alhaja."

Gíláàsì tó nípọn ló wà láàárín Jẹ̀lílì àti Alhaja Kúlísúmù. Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù àtìmọ́lé mú bí ẹni tó di okùn kànga mú. Alhaja gbé fọ́tò kan lé gíláàsì náà. Ìbọn gígùn kan ló wà nínú fọ́tò, ó nà gbalaja sórí ewé gbígbẹ. Lórí ìbọn náà ni awò dúdú kan tí ọdẹ fi ń wo ọ̀ọ́kán jókòó sí, ó gùn, ó sì yọ ikùn níwájú.

"Tún un wò dáadáa."

"Mo ti wò ó títí. Ẹ wo bó ṣe rí! Bí ẹni gbé odó lé ewúrẹ́ lórí."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Alhaja, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò gba ẹ̀rín. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹnì kan yìnbọn lu Ẹnjiníà Déolú nínú ọgbà ẹ̀fọ́ tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Brandywine. Ọta wọ ọ́ léjìká. Kò kú, àmọ́ látìgbà tí àwọn dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò tíì lajú. Àwọn ọlọ́pàá rí ìbọn Jẹ̀lílì nínú igbó ẹ̀yìn ilé náà, wọ́n rí àmì ìka Jẹ̀lílì lára rẹ̀. Ọláńrewájú, ọ̀rẹ́ Déolú láti kékeré, ló pe ọlọ́pàá, òun náà ló fi aṣọ di ojú ọgbẹ́, ó sì ní òun fojú òun rí Jẹ̀lílì bó ṣe ń sá wọ igbó. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì Déolú ló mọ̀ pé Déolú ti lé Jẹ̀lílì ní gbangba, ó ní òun ò ní fi Stephanie ọmọ òun fún Mùsùlùmí.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni Jẹ̀lílì máa dé iwájú adájọ́. Káàdì ìgbélùú ló fi ń gbé Amẹ́ríkà. Bí ẹjọ́ ìbọn bá lẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, wọn á gba káàdì náà, wọn á sì kó o padà sílé. Ìyá rẹ̀, tí kò ní ọmọ mìíràn, ló wà níta nínú ọkọ̀ Alhaja nísinsìnyí, tó ń fa tẹ̀sùbáà láì mọ ohun tó ń kà.

"Awò tìẹ ńkọ́?" Alhaja bi í.

"Tèmi kéré. Mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, ogójì."

"Sọ ọ́ bí ẹni ń bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀. Ọdún tí mo fi ṣe ọlọ́pàá ní Ìbàdàn, ìbọn tí a gbé kò ní awò. Ojú lásán la fi ń wo olè."

Jẹ̀lílì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nọ́ńbà àkọ́kọ́, iye ìgbà tó fi ń fa nǹkan sún mọ́ yín ni. Ẹ lè fi sí mẹ́ta, ẹ lè yí i títí dé mẹ́sàn-án. Ogójì yẹn, bí dígí iwájú ṣe fẹ̀ tó ni, ní mìlímítà. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Nínú igbó tí igi ti fún mọ́ra, tí ẹran sì wà nítòsí, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹ máa fi sí. Ẹ máa rí ẹran, ẹ máa rí igi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹran yẹn gan-an ni ọdẹ ń bẹ̀rù."

"Èyí tó wà nínú fọ́tò yìí?"

"Mẹ́jọ sí méjìlélọ́gbọ̀n, àádọ́ta. Àwọn tó ń yìnbọn sí bébà ní pápá gbalasa ló ń lò ó. Kò lè wálẹ̀ ju mẹ́jọ lọ. Tí ẹ bá gbé e wọ igbó, ohun tó bá wà nítòsí á kàn máa ṣe bàìbàì. Ẹ ò ní rí ẹran, irun ẹran lẹ máa rí."

"Tí ilẹ̀ bá wá ń ṣú?"

"Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ yí i sí pín fífẹ̀ dígí iwájú. Ogójì, ẹ fi mẹ́rin pín in, mẹ́wàá. Ìmọ́lẹ̀ yẹn tó ojú lò, ó tún ṣẹ́kù. Àádọ́ta, ẹ fi méjìlélọ́gbọ̀n pín in, kò tó méjì. Bí ẹni tó ń yọjú láti ojú abẹ́rẹ́ wo yàrá tí wọ́n ti pa iná."

Alhaja ń wo ojú ọmọkùnrin náà. Àpá kékeré kan wà lókè ojú ọ̀tún rẹ̀, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

"Ta ló kọ ẹ́ nílà?"

"Ìbọn náà ni." Jẹ̀lílì fọwọ́ kan àpá náà. "Ọdún tí mo kọ́kọ́ rà á. Ó ń tàpá bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Tí ẹ bá ti gbé ojú sún mọ́ awò jù, á padà wá lu yín. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ibí ló ní irú ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ya fọ́tò ẹ̀ lánàá, inú wọn ń dùn, mi ò mọ ìdí."

"Ọ̀dọ̀ ta ni ìbọn náà wà?"

"Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Láńre, nínú gáréèjì wọn ní Forestville. Ìyá mi ò fẹ́ ìbọn nínú ilé wa ní Laurel. Bọ̀ọ̀dá Láńre wá sọ fún ọlọ́pàá pé mo ti wá mú un. Alhaja, mi ò mú un! Oorun ni mo ń sùn ní ọjọ́ yẹn, torí iṣẹ́ alẹ́."

"Kí ló lè mú wọn purọ́ mọ́ ẹ?"

Omi lé sójú Jẹ̀lílì. "Ohun tí ò jẹ́ kí n lè sùn nìyẹn. Wọn kì í ṣe ọ̀tá mi. Àwọn gan-an ni wọ́n ń bá mi bẹ Dádì Stephanie."

*

Sẹ̀kínát, ìyá Jẹ̀lílì, kò jẹ́ kí Alhaja ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ó jẹun? Ṣé wọ́n lù ú? Alhaja, ṣé wọ́n á lé e?"

"Kò sẹ́ni tó lù ú."

"Ẹ ò dáhùn èyí tó kẹ́yìn."

"Torí mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀, Sẹ̀kínát."

Wọ́n gba títì tó lọ sí Brandywine, igi ọ̀tún, igi òsì, gbogbo ewé ti pọ́n bí epo. Sẹ̀kínát tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Èmi ni mo ní kó gbé ìbọn burúkú yẹn kúrò nílé mi. Ká ní ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni, ta ni ì bá rí i jí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí Alhaja lọ́kàn. Ní tòótọ́, ta ni ì bá rí i?

*

Jessica, ọlọ́pàá obìnrin tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ń dúró dè wọ́n lẹ́yìn ilé Déolú. Ó bọ̀wọ̀ fún Alhaja torí ọ̀rọ̀ ọmọ kan tó sọnù ní ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n kò fi ìrètí fún un.

"Mo gbà kí ẹ wò yíká. Mi ò gbà pé ẹ máa rí nǹkan tuntun."

Ilé tuntun ni, bíríkì iwájú rẹ̀ ṣì ń dán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dẹ́kì wà, ìyẹn pèpéle pákó, lẹ́yìn dẹ́kì ni ọgbà ẹ̀fọ́, tẹ̀tẹ̀ àti ewúro tó ga dé àyà. Lẹ́yìn ọgbà ni ilé pákó kékeré tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, igbó sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bíríjẹ́ẹ̀tì, ìyàwó Déolú, ti fi àwọ̀n yí ọgbà náà ká nítorí àgbọ̀nrín, àmọ́ àgbọ̀nrín Brandywine kò mọ àwọ̀n. Wọ́n ti jẹ ìlà tẹ̀tẹ̀ kan tán pátápátá.

"Kí ni ojú yín rí níbí?" Alhaja bi Jessica.

"Ìkarahun ọta kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pákó yẹn. Ibẹ̀ ni ẹni náà dúró sí."

Alhaja wo ilé pákó, ó wo ọgbà. Kò jìnnà. Kò ju kí èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kó máa wo àlùfáà lórí pẹpẹ.

"Kí lẹ tún rí?"

"Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rọ́bà ẹ̀yìn awò ìbọn, ibi tí èèyàn ń gbé ojú sí. Jẹ̀lílì sì ní àpá lókè ojú."

"Àpá tó ti jinná láti ọdún mélòó kan."

"A ti fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò á pẹ́. Adájọ́ ò ní dúró dè é."

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́. Ọ̀gá mi ní Ìbàdàn kọ́ mi ní ìbéèrè kan. Kí ni ojú rí? Kí ni ọkàn fi kún un? Ojú yín rí ìbọn Jẹ̀lílì. Ọkàn yín ló fi Jẹ̀lílì kún un."

"Ẹlẹ́rìí wa náà fojú rí i."

"Mo ń bọ̀ lórí ẹlẹ́rìí yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: ọdẹ tó mọ iṣẹ́, tó fẹ́ yìnbọn láti ibí dé ibẹ̀ yẹn ní ìrọ̀lẹ́, ṣé irú awò yẹn ló máa yàn?"

Ẹni tó ra awò náà kò mọ ìbọn. Ìyẹn dá Alhaja lójú. Ẹni tó bá mọ̀ máa ń yan èyí tó bá ibi tó ń lọ mu. Ẹni tí kò mọ̀ á yan èyí tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù.

*

Stephanie jókòó sórí àtẹ̀gùn inú ilé, ojú rẹ̀ wú. Yorùbá rẹ̀ máa ń fò bí rédíò tí bátìrì ẹ̀ ń tán, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú.

"Stephanie, ṣé o bá Jẹ̀lílì dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbọn rí?"

"Yes ma. Lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ jọ wo awò?"

"Yes ma." Ó wolẹ̀. "I wanted to buy one for him. Birthday ẹ̀. Mo ní kó mú èyí tó big jù."

Ọkàn Alhaja já. Bó bá jẹ́ ọmọ yìí ló ra awò náà, tó sì fi ta Jẹ̀lílì lọ́rẹ, irọ́ ni Jẹ̀lílì ń pa, òun náà sì ti gba irọ́ náà gbọ́ lẹ́yìn gíláàsì.

"Ṣé o wá rà á?"

"Rárá ma! Jẹ̀lílì laughed at me. Ó ní èyí tó big, it's for people tó fẹ́ kí àwọn èèyàn máa wò wọ́n. Ó ní small one ẹ̀ is fine. So mo ra gloves fún un."

Alhaja mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin méjì péré lẹ lọ?"

"Ah, no ma. Uncle Láńre drove us. They even argued. Uncle ní, 'Ní ilé wa, nǹkan tó bá tóbi ló dáa.' Uncle stayed there, ó ń wo big one yẹn, a fi horn pè é kó tó jáde."

*

Nínú pálọ̀, Ọláńrewájú dìde fún Alhaja, ó sì tẹríba. Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín ni tẹ́lẹ̀, apòògùn òyìnbó, olórí àwọn tó ń tọ́jú èrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí, ó fajú ro. Ó dé fìlà òtútù kan tó lẹ̀ mọ́ orí, ó fà á wálẹ̀ dé orí férémù jígí ojú rẹ̀.

"Ẹ kú làálàá, Alhaja."

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín, Bọ̀ọ̀dá Láńre. Ẹ sọ fún mi, kí ni ojú yín rí ní Ọjọ́bọ̀?"

"Mo wà nísàlẹ̀ ilé yìí, mò ń wo bọ́ọ̀lù. Mo gbọ́ gbàù! Mo sáré jáde. Mo rí Jẹ̀lílì tó ń sá wọ igbó."

"Ojú ẹ̀ lẹ rí, àbí ẹ̀yìn ẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ni. Ó ti yíjú."

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

"Ó… aṣọ dúdú."

"Ẹ̀yìn èèyàn nínú aṣọ dúdú, nínú igbó, ní ìrọ̀lẹ́. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́, Alhaja? Ìbọn ẹ̀ ni!"

"Nígbà yẹn, wọn ò tíì rí ìbọn."

Kí Láńre tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Bíríjẹ́ẹ̀tì ti jáde láti ilé ìdáná, ó di fóònù mọ́ àyà.

"Ilé ìwòsàn ló pè. Wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tún ń lọ sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ já. "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Alhaja, ẹ má bínú, tiwa nìyí."

"Ọlọ́run kan náà ni, ìyàwó. Gbà á."

Wọ́n dìde, wọ́n di ojú. Bíríjẹ́ẹ̀tì ń ké pe Ọlọ́run bí ẹni tó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Stephanie ń sunkún. Sẹ̀kínát tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń ṣe àmín tirẹ̀. Alhaja náà tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò di ojú. Àdúrà ti tó ààbọ̀ kí nǹkan tó ń yọ ọ́ lẹ́nu tó yé e.

Fìlà ṣì wà lórí Láńre.

Láńre! Òun tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, tó ń sọ fún àwọn bàbá àgbà pé, "Sà, ẹ bá wa ṣí fìlà o, a ti wọ ilé Ọlọ́run." Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ọba bá wá, Láńre á bọ́ adé lórí ẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń gba àdúrà fún ẹ̀mí ọ̀rẹ́ rẹ̀, nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń ṣiṣẹ́ tí òógùn sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, síbẹ̀ tí fìlà wà lórí.

Bíríjẹ́ẹ̀tì ṣe àmín. Ó lajú, ó rí i. "Bọ̀ọ̀dá Láńre, fìlà yín!"

"Òtútù ni, ìyàwó wa. Orí ń fọ́ mi." Ó yára bọ́ sí ìta, sórí dẹ́kì.

*

Alhaja ní ohun kan nínú àpò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti àtìmọ́lé ló yà yá a lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń yìnbọn sí bébà ní Laurel: awò ìbọn, mẹ́jọ sí méjìlélọ́gbọ̀n, àádọ́ta, irú èyí tó wà nínú fọ́tò. Awò lásán ni, kò sí ìbọn nídìí rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀. Ó pe gbogbo wọn lọ sídìí ilé pákó, ó sì ní kí Jessica náà wá.

"Ìyá Stephanie, aṣọ wo ni ọkọ yín wọ̀ ní Ọjọ́bọ̀?"

"Kóòtù òtútù aláwọ̀ igi. Mo ní kó lọ bá mi já ewúro tó kù kí ìrì dídì tó pa á." Ó nu imú. "Èmi ni mo rán an."

"Ṣé ó ní irú kóòtù yẹn mìíràn?"

Ó ní òmíràn. Stephanie lọ mú un wá, Alhaja sì fi í kọ́ sáàárín ewúro, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí awò dé òpin agbára rẹ̀, ó gbé e fún Bíríjẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ wo ọgbà yín. Kí ni ojú yín rí?"

Bíríjẹ́ẹ̀tì wò ó, ó ń wá a kiri. "Ó ṣókùnkùn… Ewé ni… Ó ń gbọ̀n. Nǹkan kan wà níbẹ̀, ó ní àwọ̀ bíi…" Ó dákẹ́. "Bí ara ẹran."

"Ṣé ẹ rí dẹ́kì? Ṣé ẹ rí ilé yín?"

"Mi ò rí ilé kankan." Ó gbé awò kúrò lójú. Ilé rẹ̀ ló wà gbàgàdà níwájú rẹ̀ yẹn, pẹ̀lú iná pálọ̀ tó ń tàn.

Alhaja gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Láńre, ó kàn yín."

"Èmi kẹ̀? Mi ò mọ nǹkan kan nípa síkóòpù."

"Ẹ kàn wò ó ni. Kò ní jẹ yín."

Láńre gba awò náà. Ó gbé e sókè sí ojú ọ̀tún. Ó kù díẹ̀ kó kan ojú rẹ̀, ni orí rẹ̀ bá fà sẹ́yìn fìrì, bí ẹni tí wọ́n na ọwọ́ sí. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. Ó tún gbé e, ó tún fà sẹ́yìn. Ó wá gbé e sí ojú òsì, ó sì mú un jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè rí nǹkan kan.

"Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ," Alhaja rọra sọ, "bó rí ekòló, á sá. Ìyá Stephanie gbé e mọ́ ojú, kò fòyà. Stephanie, gbà á. Wò ó, òun náà ò bẹ̀rù. Ẹni tí irú awò yìí bá ti là lójú rí nìkan ló mọ̀ pé ó ń jẹni." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Láńre. Bọ́ fìlà ẹ."

Ọkùnrin náà dúró bí igi.

"Láńre," Bíríjẹ́ẹ̀tì ní, láì fi bọ̀ọ̀dá sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bọ́ ọ."

Ó bọ́ jígí. Ó bọ́ fìlà. Lókè ojú ọ̀tún rẹ̀, pílásítà kékeré kan ti tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí òógùn. Abẹ́ rẹ̀ ni ọgbẹ́ tútù wà, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Jessica sún mọ́ ọn. Láńre kò sá. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kó tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ewé gbígbẹ níwájú Bíríjẹ́ẹ̀tì.

"Mo rò pé àgbọ̀nrín ni! Ìyàwó wa, mo fi Ọlọ́run búra. Ẹ sọ pé wọ́n ń jẹ yín ní ẹ̀fọ́. Mo ní n pa ọ̀kan, kí n gbé e wá bá Déolú, kó rí i pé awò mi ju ti Jẹ̀lílì lọ. Mo yọ awò Jẹ̀lílì kúrò lára ìbọn ẹ̀, mo fi tèmi sí i, mo gbé e sínú búùtù ọkọ̀ mi. Mo rò pé Déolú ń sùn lókè. Mo rí nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń mì nínú ewé. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìbọn gbá mi lójú. Ìgbà tí mo nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, mo gbọ́ tí ẹran náà pe orúkọ mi."

Stephanie ké.

"Kí ló wá gbé Jẹ̀lílì dé ẹnu ẹ?" Sẹ̀kínát béèrè. Kò pariwo. Ìyẹn ló bani lẹ́rù.

"Ẹ̀rù ló bà mí, mọ́mì. Mo ju ìbọn nù. Ọlọ́pàá ní ta ni mo rí. Orúkọ ẹni tó ni ín ló jáde lẹ́nu mi. Mo rò pé wọn ò ní rí ẹ̀rí, pé wọ́n á tú u sílẹ̀…"

"O mọ̀ pé wọ́n máa lé e kúrò nílùú."

Láńre ki ojú bọ inú ewé.

Bíríjẹ́ẹ̀tì wò ó títí. "Ojú ẹ rí àwọ̀ igi," ó ní, "o pe ọkọ mi ní ẹran. Kò tó ẹ. O tún pe ọmọ ọlọ́mọ ní apààyàn." Ó yí padà, ó wọ inú ọgbà, ó sì ká kóòtù ọkọ rẹ̀ kúrò nínú ewúro.

*

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò tíì dé, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ojú Láńre àti ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ti tó. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Jẹ̀lílì kò rí adájọ́. Ẹnu ọ̀nà àtìmọ́lé ló gbà jáde, aṣọ tó wọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n mú un ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òtútù sì ń fẹ́. Ìyá rẹ̀ kò lè rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń nawọ́ sí i bí ẹni tó ń pe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Nígbà tí wọ́n gbé ara wọn dìde tán, ọkọ̀ kan ti dúró níwájú wọn. Bíríjẹ́ẹ̀tì ló wà nídìí rẹ̀. Stephanie wà lẹ́yìn, ó gbá àpò ìbọ̀wọ́ kan mọ́ra.

Jẹ̀lílì dọ̀bálẹ̀, ó sì dúró lórí ilẹ̀ náà, ẹ̀rù ń bà á.

"Dìde, òtútù wà," Bíríjẹ́ẹ̀tì ní. "Bàbá Stephanie lajú ní òru. Ó béèrè ẹni tó yìnbọn lu òun. Mo ti sọ fún un. Ó wá béèrè ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí ẹ̀. Mo tún sọ fún un."

"Kí ni wọ́n wí, mà?"

"Omi ló ń jáde lójú ẹ̀." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ṣí ilẹ̀kùn. "Ó ní kí n mú ẹ wá. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ bá ẹ sọ. Wọlé, ká lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀."

Jẹ̀lílì wo ìyá rẹ̀. Ó wo Alhaja Kúlísúmù, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ lókèèrè.

"Alhaja, kí lẹ rò pé wọ́n máa sọ?"

"Kí ni ojú ẹ rí?"

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ó ṣí sílẹ̀."

"Má fi nǹkan kan kún un," Alhaja ní. "Wọlé."